Ṣé a lè mọ ibi tí omi òkun yóò ṣàn sí kí a tó lọ pẹja?

Ìbéèrè kan dé ọ̀dọ̀ mi láìpẹ́ yìí láti ọwọ́ ọ̀kan nínú ẹ̀yin tí mo kọ́ nígbà kan rí. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ báńkì, ó sì ti ra ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kan tó fi ń lọ pẹja ní etíkun tó wà ní ìlà oòrùn Èkó. Ó ní: "Prọ́fù, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta sà. Fóònù mi máa ń ya ọfà sójú òkun láti fi hàn mí pé omi ń ṣàn síbí, ó ń ṣàn sọ́hùn-ún. Àwọn Ìlàjẹ tí a jọ ń lọ ń fi mí rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní òṣùpá ni kí n máa wò. Ta ni kí n gbà gbọ́?"

Èsì mi kúrú: òótọ́ ni fóònù ń sọ, òótọ́ sì ni àwọn Ìlàjẹ ń sọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ohun kan náà kọ́ ni wọ́n ń sọ. Ohun tí à ń pè ní ìṣàn omi òkun kì í ṣe ẹyọ kan. Ó kéré tán, oríṣi mẹ́rin ni wọ́n, wọ́n a sì máa gun ara wọn lórí. Èyí kan ń tẹ̀lé òṣùpá, èkejì ń tẹ̀lé àkókò ọdún, ẹ̀kẹta ń tẹ̀lé afẹ́fẹ́, ẹ̀kẹrin ń tẹ̀lé ìgbì. Àwọn kan wà nínú wọn tí a lè sọ tẹ́lẹ̀ ní ọdún mẹ́wàá ṣáájú. Àwọn kan wà tí a kò lè fi ọwọ́ sọ̀yà nípa wọn bí ilẹ̀ bá ti ṣú tó tún mọ́. Ẹni tó bá mọ èyí tó ṣeé sọ tẹ́lẹ̀, tó sì mọ èyí tí kò ṣeé sọ, òun ni yóò lọ tí yóò bọ̀.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀mí

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣe ìṣirò díẹ̀. Ẹ má sá o, kò le.

Ká sọ pé ọkọ̀ kan ń sá kìlómítà 11 ní wákàtí kan nígbà tí omi bá dúró jẹ́ẹ́. Omi ń ṣàn lọ sí ìlà oòrùn ní kìlómítà 2 ní wákàtí kan. Apẹja wa fẹ́ lọ sí ibì kan tó fi kìlómítà 26 jìnnà sí èbúté rẹ̀ ní ìlà oòrùn. Nígbà tó ń lọ, omi ń tì í lẹ́yìn: 11 àti 2 jẹ́ 13, wákàtí 2 péré ló fi dé ibẹ̀. Nígbà tó ń padà bọ̀, omi dojú kọ ọ́: 11 dín 2 jẹ́ 9, ó di wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 53. Bí ó bá ti pín epo pẹtiróòlù rẹ̀ sí méjì ọgbọọgba, ìdá kan fún lílọ, ìdá kan fún bíbọ̀, kìlómítà 18 ni yóò rìn kí epo tó tán. Kìlómítà 8 ṣì kù kó délé, ẹ́ńjìnnì ti dákẹ́, ṣùgbọ́n omi tó ń gbé e lọ sí ìlà oòrùn kò dákẹ́.

Ẹ tún gbọ́ èkejì. Etíkun tó na láti Àgbádárìgì dé Lẹ́kkí fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ́ gbọnrangandan láti ìwọ̀ oòrùn sí ìlà oòrùn. Apẹja kan kọjú sí gúúsù tààrà, ó lọ kìlómítà 20 wọ inú òkun. Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 49 ló gbà á. Láàárín ìgbà yẹn, omi ti gbé e lọ sí ẹ̀gbẹ́ ní nǹkan bíi kìlómítà 3 àti ààbọ̀, kò sì mọ̀, nítorí pé gbogbo omi tó yí i ká ni wọ́n jọ ń lọ. Ó na àwọ̀n, ó jẹ́ kí ó léfòó fún wákàtí 5: kìlómítà 10 mìíràn nìyẹn. Ó kọjú sí àríwá tààrà láti padà sílé: ó tún di kìlómítà 3 àti ààbọ̀. Nígbà tó bá rí ilẹ̀, ibi tó wà yóò ti fi kìlómítà 17 jìnnà sí èbúté tó ti gbéra. Bó bá jẹ́ òru, tàbí tí kùrukùru ọyẹ́ bo ojú ilẹ̀, iná ìlú tó rí lè má jẹ́ ìlú rẹ̀ rárá.

Èyí kò kan agbára apá tàbí ìgboyà. Àwọn àgbà ní òkun kì í hó ruru ká wà á ruru. Ṣùgbọ́n nínú àpẹẹrẹ méjèèjì tí mo mú wá yìí, òkun kò hó rárá. Ó pa rọ́rọ́. Ohun tó ń léni bá ọ̀rọ̀ nípa ìṣàn omi nìyẹn: ìgbì a máa pariwo kó tó pani, ìṣàn kì í pariwo.

Èyí tí òṣùpá ń darí

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí àwọn Ìlàjẹ sọ, torí òun ló dájú jù. Òṣùpá ń fa omi òkun, oòrùn náà ń fà á, ṣùgbọ́n ti òṣùpá lágbára jù nítorí pé ó sún mọ́ wa. Bí ayé ṣe ń yí, omi etíkun wa a máa kún lẹ́ẹ̀mejì, a sì máa fà lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọjọ́ kan àti díẹ̀. Láti ìkún kan sí ìkún kejì jẹ́ nǹkan bíi wákàtí 12 àti ìṣẹ́jú 25. Nítorí náà, bí omi bá kún tán ní agogo 7 òwúrọ̀ òní, yóò tún kún ní agogo 7 kọjá ìṣẹ́jú 25 ní alẹ́, àti ní agogo 7 kọjá ìṣẹ́jú 50 ní òwúrọ̀ ọ̀la. Lójoojúmọ́, ó ń fi nǹkan bíi ìṣẹ́jú 50 sún síwájú. Lẹ́yìn ọjọ́ 7, ìṣẹ́jú 350 nìyẹn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí 6. Ìyẹn ni pé agogo 7 òwúrọ̀ tí omi kún tán ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ti di àsìkò tí omi fà tán, tàbí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bẹ́ẹ̀, ní ọ̀sẹ̀ yìí.

Nígbà tí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, àti nígbà tí òṣùpá bá di àrànmọ́jú, oòrùn àti òṣùpá wà lórí ìlà kan náà, wọ́n jọ ń fa omi pọ̀. Omi á kún gan-an, á sì fà gan-an, ìṣàn á lágbára. Nígbà tí òṣùpá bá di ààbọ̀, oòrùn ń fà á síbí, òṣùpá ń fà á sọ́hùn-ún, omi kò ní rìn púpọ̀. Ọjọ́ kan sí méjì lẹ́yìn tí oṣù bá lé tàbí tó bá di àrànmọ́jú ni omi sábà máa ń lágbára jù.

Ohun tí àwọn apẹja àtijọ́ tún mọ̀ ni pé, ní èbúté kan náà, ọjọ́ orí òṣùpá kan náà máa ń mú wákàtí ìkún kan náà wá, tàbí èyí tó súnmọ́ ọn. Ẹni tó bá mọ wákàtí tí omi ń kún tán ní èbúté rẹ̀ ní ọjọ́ àrànmọ́jú, yóò mọ̀ ọ́n ní àrànmọ́jú oṣù tó ń bọ̀ àti ti ọdún tó ń bọ̀. Ṣé ẹ rí i? Kì í ṣe àdììtú, kì í sì í ṣe ìgbàgbọ́ asán. Ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ni, a kàn kọ ọ́ sórí ni, a kò kọ ọ́ sínú ìwé.

Ohun kan náà ni àwọn onímọ̀ ìṣirò ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ sínú ìwé. Ní nǹkan bí ọdún 1872, William Thomson, ẹni tí wọ́n wá fi jẹ oyè Lord Kelvin, ṣe ètò ẹ̀rọ kan tó ní àwọn àgbá kéékèèké àti okùn kan tó gba orí gbogbo wọn kọjá. Àgbá kọ̀ọ̀kan dúró fún ìlù kan nínú ìrìn òṣùpá àti oòrùn. Bí wọ́n bá yí ọwọ́ ẹ̀rọ náà, ó ń ya bí omi èbúté kan yóò ṣe kún àti bí yóò ṣe fà fún odindi ọdún kan. Lónìí kọ̀ǹpútà ló ń ṣe é, ṣùgbọ́n ìṣirò ọ̀hún kò yí padà. Ìdí nìyẹn tí a fi lè tẹ tábìlì ìkún omi ọdún tó ń bọ̀ jáde lónìí láìbẹ̀rù.

Àmọ́ ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa síbí. Lójú agbami níwájú Èkó, ìyàtọ̀ láàárín ìkún àti ìfà kò ju nǹkan bíi mítà kan lọ, ìṣàn tó ń mú wá níta kò sì tó nǹkan. Ẹnu ọ̀sà ni agbára rẹ̀ wà. Ọ̀sà Èkó fẹ̀ púpọ̀, ẹnu tó fi ń bá òkun sọ̀rọ̀ sì tóóró. Gbogbo omi tó fẹ́ wọlé àti èyí tó fẹ́ jáde gbọ́dọ̀ fún ara wọn gba ibẹ̀ kọjá. Nítorí pé ọ̀sà fẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ sì há, kì í yára kún. Nígbà tí òkun bá ti kún tán níta, omi inú ọ̀sà ṣì lè relẹ̀ ju ti òkun lọ, nítorí náà omi á ṣì máa wọlé fún ìgbà díẹ̀ sí i. Ẹni tó bá wo tábìlì, tó rí i pé "omi kún tán ní agogo 9," tó wá rò pé agogo 9 gan-an ni omi yóò dúró lẹ́nu ọ̀sà, yóò bá a tó ṣì ń sáré.

Èyí tó burú jù ni ìgbà tí omi bá ń jáde. Ní àsìkò òjò, pàápàá ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá, odò Ògùn, odò Ọ̀ṣun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ń da omi sínú ọ̀sà, gbogbo rẹ̀ ló sì ń wá ọ̀nà àtijáde. Ìfà á gùn, á sì lágbára ju ìkún lọ. Bí omi tó ń jáde yìí bá pàdé ìgbì tó ń wọlé, ìgbì náà á súnkì, á ga, á dúró ṣánṣán bí ògiri. Ọkọ̀ tó kọjá ibẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ ní òwúrọ̀ lè dojú dé níbẹ̀ ní ọ̀sán, láìsí pé afẹ́fẹ́ tàbí ojú ọ̀run yí padà. Nítorí náà, tábìlì ìkún omi kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe pàtàkì fún ibi tí ẹ ti fẹ́ pẹja bí ó ti ṣe pàtàkì fún wákàtí tí ẹ óò jáde àti wákàtí tí ẹ óò wọlé.

Èyí tó ń rìn láti Làìbéríà títí dé ọ̀dọ̀ wa

Tí a bá ti jáde lẹ́nu ọ̀sà, ìṣàn mìíràn ló gbà wá lọ́wọ́ tìkún-tìfà. Ìṣàn ńlá kan wà tó ń gba iwájú etíkun Làìbéríà, Côte d'Ivoire, Gánà, Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ kọjá títí dé ọ̀dọ̀ tiwa, láti ìwọ̀ oòrùn sí ìlà oòrùn. Òun ni àwọn onímọ̀ ń pè ní Guinea Current. Omi rẹ̀ lọ́wọ́ọ́wọ́, kò sì jinlẹ̀ púpọ̀. Ó máa ń lágbára jù láàárín ọdún, nígbà òjò, ó sì máa ń rọ̀ láàárín oṣù kọkànlá sí oṣù kejì. Níbi tó bá ti le gan-an, ó lè tó mítà kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìyẹn kìlómítà 3 àti ààbọ̀ ní wákàtí kan.

Ìtàn wa pàápàá kò lè yọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn ọkọ̀ tó ń kó ẹrú láti etíkun wa lọ sí Bàhíà ní Bràsíìlì kò lè rọra gba etíkun padà sí ìwọ̀ oòrùn, torí ìṣàn yìí àti afẹ́fẹ́ kò jẹ́. Wọ́n ní láti kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀ sí gúúsù, sí ìhà São Tomé àti ìlà agbedeméjì ayé, kí wọ́n tó rí afẹ́fẹ́ àti ìṣàn tí yóò gbé wọn sọdá. Àwọn èèyàn wa wà nínú ọkọ̀ ọ̀hún ní gbogbo ìgbà tí wọ́n fi ń wá ìṣàn kiri.

Báwo ni wọ́n ṣe mọ ìṣàn náà nígbà tí kò sí sátẹ́láìtì? Atukọ̀ a máa kọ ibi tó yẹ kí ọkọ̀ òun wà sílẹ̀, ní ìbámu pẹ̀lú ìyára àti ibi tó kọjú sí. Lẹ́yìn náà, á wo oòrùn tàbí ìràwọ̀, á mọ ibi tó wà gan-an. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì, iṣẹ́ ọwọ́ ìṣàn omi nìyẹn. James Rennell, ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kó irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ jọ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọdún 1832 ni wọ́n tẹ ìwé rẹ̀ lórí ìṣàn òkun Àtìláńtíìkì jáde, òun fúnra rẹ̀ ti kú ní ọdún méjì ṣáájú. Matthew Fontaine Maury ti Amẹ́ríkà náà ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àwọn máàpù rẹ̀ jáde ní 1847. Ẹ kíyè sí i pé ìṣirò wọn kò yàtọ̀ sí èyí tí mo ṣe lókè nípa apẹja tó bá ara rẹ̀ ní kìlómítà 17 sí ilé. Àṣìwọ̀ èbúté ẹnì kan, bí a bá kó irú rẹ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún jọ, ó di máàpù.

Ṣùgbọ́n ohun tí máàpù ń sọ ni ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀, kì í ṣe ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ lọ́la. Ìṣàn yìí a máa yí padà nígbà mìíràn, á kọjú sí ìwọ̀ oòrùn fún ọjọ́ díẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀, ìṣàn mìíràn tún wà tó ń lọ sí ìwọ̀ oòrùn ní tirẹ̀. Ẹni tó bá ju àwọ̀n tó gùn wálẹ̀ lè rí i pé orí àwọ̀n ń lọ sápá kan, ìdí rẹ̀ ń lọ sápá kejì, tí àwọ̀n sì lọ́ mọ́ra wọn bí okùn. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni ṣe wọ́n ní nǹkan. Omi méjì ló wà níbẹ̀.

Àkókò ọdún tún mú ohun mìíràn wá. Láti oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án, omi tútù láti ìsàlẹ̀ máa ń gòkè wá sójú òkun níwájú Côte d'Ivoire àti Gánà, ó sì máa ń gbé oúnjẹ ẹja wá. Ẹja ṣàwá a wá pọ̀ níbẹ̀. Ó tún máa ń ṣẹlẹ̀ díẹ̀ ní oṣù kìíní sí ìkejì. Lọ́dọ̀ tiwa kò lágbára tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n apẹja tó bá ki ọwọ́ bọ omi tó rí i pé ó tutù ju ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ mọ̀ pé nǹkan ti ń yí nísàlẹ̀.

Afẹ́fẹ́ àti ìgbì

Afẹ́fẹ́ tó bá fẹ́ lójú omi fún ìgbà pípẹ́ a máa wọ́ awọ ojú omi lọ. Òdiwọ̀n tí àwọn onímọ̀ sábà ń lò ni ìdá 3 nínú 100. Bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ ní kìlómítà 20 ní wákàtí kan, omi ojú òkun á gba kìlómítà 0.6 ní wákàtí kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kéré, àbí? Àmọ́ wákàtí 10 sọ ọ́ di kìlómítà 6. Ẹ tún rántí pé ọkọ̀ yín wà lókè, afẹ́fẹ́ ń tì í. Àwọ̀n yín wà nísàlẹ̀, omi ló ni í. Ọkọ̀ àti àwọ̀n lè pínyà láìsí ìjà.

Ìgbì ní tirẹ̀ ń dá ìṣàn sílẹ̀ létí òkun. Ìgbì ńláńlá tó ń fọ́ sí etíkun wa ní àsìkò òjò, ìjì tó jà lọ́nà jíjìn ní gúúsù Àtìláńtíìkì ló bí ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ìdí nìyẹn tí òkun fi lè ya wọ ilẹ̀ lọ́jọ́ tí ewé igi àgbọn kò mì. Ìgbì wọ̀nyí ń ti gúúsù òun ìwọ̀ oòrùn bọ̀ ní ẹ̀gbẹ̀ẹ́gbẹ́, wọ́n sì ń ti omi àti yanrìn lọ sí ìlà oòrùn lẹ́bàá ilẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ń jiyàn, kó lọ wo ẹnu ọ̀nà èbúté Èkó. Láàárín 1908 sí 1912 ni wọ́n kọ́ àwọn ògiri òkúta wọ inú òkun níbẹ̀ kí ọkọ̀ ńlá lè rí ọ̀nà wọlé. Yanrìn tó ń ti ìwọ̀ oòrùn bọ̀ kọlu ògiri, ó gbá jọ sẹ́yìn rẹ̀, ilẹ̀ ń fẹ̀ sí i níbẹ̀. Ní ìlà oòrùn, ní Bar Beach, yanrìn kò dé mọ́, ṣùgbọ́n ìgbì kò dáwọ́ dúró, ó sì jẹ ilẹ̀ ibẹ̀ lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ohun tí ojú kò rí nínú omi, ilẹ̀ ti bá wa kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọfà inú fóònù ńkọ́?

Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé ibi tí ọfà yẹn ti wá, torí ẹni tó bá mọ orísun ọ̀rọ̀ ló mọ bí yóò ṣe gbà á. Láti ọdún 1992 tí wọ́n ti ju sátẹ́láìtì TOPEX/Poseidon sókè ni a ti ń wọn gíga ojú òkun láti òfuurufú dáadáa. Òkun kì í tẹ́ bí tábìlì. Ó ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó ní kòtò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ju sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ lọ láàárín ọ̀pọ̀lọpọ̀ kìlómítà. Nítorí pé ayé ń yí, omi kì í ṣàn tààrà láti òkè gẹ̀rẹ́ wá sí ìsàlẹ̀. Ó máa ń yà, á máa gba ẹ̀gbẹ́ gẹ̀rẹ́ náà. Nítorí náà, bí a bá mọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà, a lè ṣírò ìṣàn. Kọ̀ǹpútà á wá pa èyí pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ àti ooru omi, á sì sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Copernicus Marine, iṣẹ́ òkun àwọn ará Yúróòpù, ń gbé irú àsọtẹ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ jáde fún ọjọ́ 10 síwájú, ọ̀fẹ́ sì ni.

Ibi tó kù sí nìyí o. Àkọ́kọ́, agbára tó ń mú omi yà yẹn ń dín kù bí a bá ti ń súnmọ́ ìlà agbedeméjì ayé, kò sì sí rárá lórí ìlà náà. Ìpele 6 àti díẹ̀ péré ni Èkó fi wà lókè rẹ̀. Ìṣirò tó ṣiṣẹ́ dáadáa níwájú Pọtogí kò lè fẹsẹ̀ múlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ níwájú wa. Èkejì, ojú sátẹ́láìtì a máa ṣú bó bá súnmọ́ ilẹ̀, torí ilẹ̀ ń da ohùn tó ń gbọ́ láti ojú omi rú. Ẹ̀kẹta, irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ pín òkun gbogbo ayé sí ìgun mẹ́rin-mẹ́rin tí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bíi kìlómítà 9, nọ́ńbà kan ló sì ń fún ìgun kọ̀ọ̀kan. Apẹja tó lọ kìlómítà 5 sínú òkun kò tíì jáde nínú ìgun àkọ́kọ́. Ẹnu ọ̀sà Èkó kò tó kí ìgun kan rí i rárá.

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: ibi tí ọlọ́kọ̀ kékeré ti ń ṣiṣẹ́ gan-an ni ibi tí ọfà náà kò ti dá ara rẹ̀ lójú, síbẹ̀ ọfà tó wà níbẹ̀ àti èyí tó wà láàárín agbami rí bákan náà lójú fóònù. Ọ̀rọ̀ tó dájú àti ọ̀rọ̀ tí kò dájú wọ aṣọ ẹgbẹ́jọdá. Ohun tó yẹ kí ẹ máa bẹ̀rù nìyẹn.

Ohun tí mo sọ fún un pé kó máa ṣe

Ní ọjọ́ tó ku ọ̀la, kó ka ọjọ́ orí òṣùpá, kó sì wo tábìlì ìkún omi, kó fi yan wákàtí tí yóò gba ẹnu ọ̀sà kọjá. Kó má fi wákàtí yìí ṣeré torí pé ẹja pọ̀.

Kó wo ọfà fóònù fún ibi tó jìn, kó sì fi wéra fún ọjọ́ mẹ́ta léraléra. Bí àsọtẹ́lẹ̀ ọjọ́ kan náà bá ń yí padà lójoojúmọ́, ó fi hàn pé kò dá kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ lójú.

Kó bi àwọn tó wọlé ní òwúrọ̀ yẹn léèrè ibi tí àwọ̀n wọn gbà. Kò sí sátẹ́láìtì tó mọ̀ ọ́n jù wọ́n lọ.

Bó bá dé ojú omi, kó ju ìdákọ̀ró sílẹ̀, kó sì ju ohun tó lè léfòó sí iwájú ọkọ̀, kó ka ìṣẹ́jú-àáyá títí yóò fi dé ẹ̀yìn. Bí ọkọ̀ bá gùn ní mítà 10, tí ó sì gba ìṣẹ́jú-àáyá 20, mítà 0.5 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan nìyẹn, ìyẹn kìlómítà 1.8 ní wákàtí kan. Kí ohun tó jù náà rì mọ́ omi dáadáa, bí ike tí a rọ omi kún díẹ̀, kí afẹ́fẹ́ má baà rí i tì. Kó tún so òjé mọ́ okùn, kó sọ ọ́ sísàlẹ̀, kó wo ibi tí okùn ń fì sí. Bí òkè àti ìsàlẹ̀ kò bá fọwọ́ sowọ́ pọ̀, kó má na àwọ̀n tó jìn.

Kó wo ibi tí omi pupa ọ̀sà ti pàdé omi aró òkun, níbi tí ìfófòó, òjúoró àti pàǹtírí ti tò sí ìlà kan. Ìṣàn méjì ló pàdé níbẹ̀, ẹja sì máa ń kó jọ síbẹ̀. Èyí náà wà lára èrè tó wà nínú mímọ ìṣàn: kì í ṣe kí a má kú nìkan, kí a jẹun pẹ̀lú.

Kó pín epo sí mẹ́ta: ìdá kan fún lílọ, ìdá kan fún bíbọ̀, ìdá kan fún ohun tí a kò mọ̀. Nínú àpẹẹrẹ mi àkọ́kọ́, ìdá kẹta yẹn ni ì bá gbé apẹja wa délé. Bó bá sì ṣeé ṣe, kó kọ́kọ́ lọ dojú kọ ìṣàn ní òwúrọ̀, kí ìṣàn lè máa tì í bọ̀ wálé ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tó ti rẹ̀ ẹ́.

Ohun tó kù tí a kò tíì ṣe

Rédíò ń sọ iye tí wọ́n ń pàrọ̀ dọ́là lójoojúmọ́ fún àwọn tí kò ní dọ́là. Kò yẹ kó ṣòro láti sọ ní èdè Ìlàjẹ, ní Ègùn àti ní Yorùbá àjùmọ̀lò pé: "Oṣù ti pé ọjọ́ 15, omi yóò jáde lẹ́nu ọ̀sà láti agogo báyìí sí agogo báyìí, ìgbì ń bọ̀ láti gúúsù, ìṣàn ńlá ń lọ sí ìlà oòrùn." Ìṣẹ́jú kan ni. Iṣẹ́ ìṣirò rẹ̀ ti wà nílẹ̀. Ẹni tí yóò gbé e dé etí ẹni tó ń wa ọkọ̀ ló kù. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi tí ẹ wà ní ilé iṣẹ́ rédíò, mo mọ iye yín, ẹ sì mọ ara yín.

Ní ti ẹni tó béèrè ọ̀rọ̀, mo ní kó ra ìwé kékeré kan tí omi kò lè tètè bàjẹ́. Lójoojúmọ́ tó bá jáde, kó kọ ọjọ́ orí òṣùpá, wákàtí, ibi tí afẹ́fẹ́ ń ti fẹ́ wá, iye ìṣẹ́jú-àáyá tí ike fi rìn, àti ohun tí fóònù sọ. Kó kọ ọ́ bí ẹja pọ̀, kó kọ ọ́ bí ẹja kò sí. Lẹ́yìn ọdún kan, yóò ní ìmọ̀ ìṣàn omi etíkun tirẹ̀ tí kò sí nínú kọ̀ǹpútà kankan ní Yúróòpù tàbí Amẹ́ríkà. Àwọn Ìlàjẹ tó ń fi í rẹ́rìn-ín ti ní ìwé ọ̀hún lórí látọjọ́ tó ti pẹ́. Kó mú tirẹ̀ lọ bá wọn, kí wọ́n jọ fi wéra.